Láti Ojúde Ọba dé Ilé Amóhùnmáwòrán: Eré Orin ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti Agbègbè Rẹ̀

Ìlú Ìlá-Ọ̀ràngún wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí ilẹ̀ Ìgbómìnà ti bá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ilẹ̀ Èkìtì pààlà. Òun, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà ni wọ́n gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ìlú Ìgbómìnà tí ó bọ́ sí Ọ̀ṣun nígbà tí ìjọba dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn, bí ará Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Èsìẹ́, ń bẹ ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Eré orin tí ìtàn yìí dá lé lórí ni èyí tí àwọn olórin àti onílù ń ṣe lójúkojú àwọn òǹwòran, tí kì í ṣe èyí tí a ti gbà sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ojúde ọba àti ọjà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó gba gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ọtí kọjá, kí ó tó wọ ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹnu bá kan ohun tí ó yí eré náà padà, gìtá, iná mànàmáná àti ìlù òyìnbó ni àwọn ènìyàn sábà máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn náà fínnífínní, a ó rí i pé onílù Yorùbá ti mọ bí òun yóò ti bá gìtá gbé tipẹ́tipẹ́, aago ara ògiri ilé amóhùnmáwòrán ni apá rẹ̀ kò ká.

Nínú egúngún ni a ti lè rí ìpìlẹ̀ eré náà dáadáa. Ní Ìlá, ọdún egúngún jẹ́ ètùtù fún àwọn baba tí ó ti kọjá lọ, ó sì tún jẹ́ àsìkò ìran wíwò fún tọmọdé tàgbà, láìsí pé ọ̀kan pa èkejì lára. John Pemberton, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tí ó ń kọ́ni ní Amherst College, ṣe ìwádìí ní Ìlá, ó sì tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978 lórí egúngún àwọn Ìgbómìnà. Ní 1996, òun àti Fúnṣọ́ Afọláyan tún jọ gbé ìwé kan jáde lórí ipò ọba ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlú Ìlá ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ọdún Ìsìnrọ̀, tí í ṣe ọdún ọba, ti gba àyè pàtàkì. Nínú gbogbo egúngún ilẹ̀ Ìgbómìnà, Ẹlẹ́wẹ ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lẹ́yìn odi, ijó sì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe egúngún tí ń fi ẹ̀rù ba ènìyàn, bí kò ṣe èyí tí ń fi ẹsẹ̀ dá àrà, tí aṣọ ara rẹ̀ ń fò lọ fò bọ̀ bí ó ti ń yí, tí onílù sì ní láti máa fojú tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ìlù má baà ṣì í. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí egúngún oníjó tí ó dúró gẹ́ẹ́ lójijì, tí ìlù náà sì dúró pẹ̀lú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni.

Láti inú egúngún náà ni eré alárìnjó ti yọ. Alárìnjó, tí àwọn mìíràn ń pè ní agbégijó tàbí egúngún apidán, ni ẹgbẹ́ òṣèré tí ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń pidán, tí wọ́n sì ń ṣe bí Tápà, bí ọ̀mùtí, bí òyìnbó tàbí bí ọlọ́pàá láti pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín. Joel Adédèjì, tí ó fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, tọ ipasẹ̀ wọn dé ààfin Ọ̀yọ́ àti ọ̀dọ̀ Ẹ̀sà Ògbín. Ẹ̀rí àkọsílẹ̀ tí ó lágbára jù lórí wọn wá láti ọwọ́ àlejò kan. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wo eré wọn níwájú Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan jó nínú àpò, pé ejò ńlá kan jáde wá, àti pé ní ìparí, ẹ̀dà òyìnbó kan yọ, tí ó rù, tí òtútù ń mú, tí ó ń fa áṣáà símú, tí ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, tí ó sì ń rìn bí ẹni tí kò rin ilẹ̀ láìwọ bàtà rí, tí gbogbo ààfin sì ń rẹ́rìn-ín àrínkú. Ohun kan wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn tí àwọn tí ń sọ ìtàn eré sábà máa ń fò kọjá, ìyẹn ni pé láàárín eré kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, gbogbo èrò tí ó péjọ sì ń gbè é. Àwọn tí ó wá wòran gan-an wà lára ẹgbẹ́ akọrin.

Ètò eré alárìnjó kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ eré Yorùbá. Ìjúbà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé olórí òṣèré yóò kọ́kọ́ forí balẹ̀ fún àwọn òrìṣà, fún ọba ìlú, fún àwọn àgbà tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ àti fún àwọn àjẹ́ tí ó lè ba eré jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ijó, kí idán tó dé, kí ẹ̀fẹ̀ tó tẹ̀ lé e, títí wọn yóò fi fi orin àti ijó ìdágbére parí rẹ̀. Ìjúbà yìí kì í ṣe àdúrà tí a há sórí nìkan. Òṣèré ní láti mọ ìlú tí ó dé, kí ó mọ oríkì Ọ̀ràngún bí ó bá wọ Ìlá, kí ó mọ ìdílé tí ó ń gbé agbo náà, kí ó sì dárúkọ ẹni ńlá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bá ọ̀nà jìn nínú orin. Bí ó bá kì í dáadáa, owó yóò jáde. Bí ó bá ṣì í kì, ìtìjú ni.

Ìlù ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìlù bàtá ni ìlù egúngún àti ìlù Ṣàngó, igi tí a gbẹ́ tí ó ní ojú méjì tí kò dọ́gba ni. Ìyá ìlù rẹ̀ ní ojú òjò tí ó tóbi, tí wọ́n ń fi ìda sí kí ohùn rẹ̀ lè rinlẹ̀, tí onílù sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, ó sì ní ṣáṣá tí ó kéré, tí wọ́n ń fi bílálà, ìyẹn awọ pẹlẹbẹ, nà, tí ohùn rẹ̀ sì ń han gooro. Omele abo, kúdi àti omele akọ ni ọmọ rẹ̀. Dùndún ní tirẹ̀ jẹ́ ìlù tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí okùn awọ tí à ń pè ní ọsán so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí onílù sì ń fún ọsán náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kí ohùn lè lọ sókè, tí ó ń dẹ̀ ẹ́ kí ó lè wálẹ̀. Ìyáàlù rẹ̀ wọ ṣaworo, kẹríkẹrì àti iṣáájú ń tẹ̀ lé e, gúdúgúdú sì wà lọ́rùn ẹni tí ń lù ú, tí kò dákẹ́ rárá. Inú ìdílé Àyàn ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ìlù sì jẹ́ ogún ìdílé. Ọ̀rọ̀ ohun ìní yìí yóò ṣe pàtàkì nígbà tí gìtá bá dé.

Kò sí ìwọ̀n àkókò tí a dá fún eré bẹ́ẹ̀. Onílù ń wo ojú àwọn ènìyàn, bí ó bá rí i pé agbo gbóná, ó lè fi oríkì ẹnì kan ṣoṣo ṣe ìdajì wákàtí, nítorí pé ẹni náà ń náwó. Bí agbo bá tutù, yóò yára yí ìlù padà. Àwọn òǹwòran ni adájọ́, àwọn ni wọ́n ń sanwó iṣẹ́, àwọn náà ni elégbè. Ẹ̀kọ́ tí a lè rí fà yọ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ olórin nílẹ̀ Yorùbá kò pé tán kí àwọn ènìyàn tó dé ibẹ̀, bí ó ti wù kí ó mọ orin tó.

Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún fọ́n àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó káàkiri nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú. Ìlá fúnra rẹ̀ bá Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlọrin dojú kọ Ìbàdàn ní ogun Jálumi ní Ìkirun ní 1878, ó sì wà nínú Èkìtì Parapọ̀ títí ogun Kírìjì fi parí. Nígbà tí àlàáfíà dé, ọ̀nà ni ó ń pinnu ẹgbẹ́ tí ìlú kan yóò rí. Ojú irin tí àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀ dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkirun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, ó sì fi Ìlá sílẹ̀ sí apá ìlà-oòrùn. Nítorí náà, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gbé ẹgbẹ́ òṣèré ìgbàlódé wọ Ìlá nígbà tí ó yá, pẹ̀lú ẹrù aṣọ, ìlù àti ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́yìn rẹ̀, Òṣogbo sì ni ìlú ńlá tí ó sún mọ́ wọn jù tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, ni ó sọ eré orí ìtàgé di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi jẹun. Nínú ìjọ aláṣọ funfun ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní 1944, ọdún kejì sì ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Orin ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣí eré, tí àwọn ọmọbìnrin ń tò jáde tí wọ́n ń jó tí wọ́n sì ń kí àwọn èrò, kì í ṣe ohun titun bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìjúbà alárìnjó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sáàsófóònù àti ìlù òyìnbó ni wọ́n fi ń gbè é. Ní Òṣogbo, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Oyin Adéjọbí àti Dúró Ládiípọ̀ tẹ̀ lé e, ìlú kan náà sì gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti Ládiípọ̀ ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó gbé ìlù dùndún wọ orin Àjíǹde tí ó kọ fún ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn àgbà ìjọ sì bínú pé ìlù kèfèrí ti wọ ilé Ọlọ́run. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ilẹ̀kùn, ó gbé orin náà lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti sí tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù kẹta 1962, òun àti Ulli Beier, ará Jámánì kan, dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo, ní 1963 ni ó sì gbé Ọba Kò So jáde níbẹ̀, eré tí a kọ lórin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí bàtá Ṣàngó gan-an sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tí ó ní ipa tirẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní 1964 àti sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Àwọn ará Jámánì tí kò gbọ́ Yorùbá wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó má rọrùn fún ìjọ tí ó lé e jáde láti gbà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó sì fi ipò àkọ́kọ́ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú yangàn. Ní ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú eré tí wọ́n ń ṣe nínú ilé iṣẹ́ náà ni ó ń lọ sí afẹ́fẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí náà bí onílù bá ṣì lù, gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ó gbọ́ ọ. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ìdíje àwọn olórin jùjú tí wọ́n gbé sórí amóhùnmáwòrán ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 wà lára ohun tí ó gbé I. K. Dairo ga. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Ọ̀fà ni Dairo, ó fi àkọ́díọ̀nù àti gángan sínú orin jùjú tirẹ̀, ní 1963 sì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Mósè Ọláìyá náà, olórí ẹgbẹ́ olórin háíláìfù tí Sunny Adé ti lu ìlù kí ó tó dá dúró, ibẹ̀ ni ó gbà di Bàbá Sàlá, aláwàdà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Ládiípọ̀ ní eré Bódé Wáàsinmi tirẹ̀ níbẹ̀, Adéjọbí sì ní Kóòtù Aṣípa lẹ́yìn náà.

Ìdajì wákàtí tí amóhùnmáwòrán ń fún eré ni ìṣòro náà. Ẹgbẹ́ tí ó ń fi gbogbo ọ̀sán àti àṣálẹ́ ṣeré ní ojúde ní láti pa á pọ̀ kí ó wọ inú àyè tí ètò ìròyìn àti ìpolówó ọjà fi sílẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ lọ ni ìjúbà, nítorí pé ẹni tí ń tọ́kùn ètò kò rí ìdí tí òṣèré yóò fi ná ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí kíkí àwọn àgbà tí kò sí nínú ilé iṣẹ́ náà. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ègbè àwọn èrò, nítorí pé kò sí èrò níbẹ̀, kámẹ́rà nìkan ni ó wà. Olórin kò mọ ẹni tí yóò kì mọ́. Bí ó bá kì gómìnà, ọ̀rọ̀ òṣèlú dé, bí ó bá kì ẹni tí ó gbé ètò náà kalẹ̀, ó di ìpolówó. Kò sí ẹni tí yóò lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, iye tí ilé iṣẹ́ bá sì dá ni yóò gbà. Àwọn kan yóò sọ pé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù oníṣẹ́jú mẹ́ta ti kọ́ àwọn olórin ní ìgékúrú tẹ́lẹ̀, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n àwo kì í díbọ́n pé òun ni odidi eré. Amóhùnmáwòrán ń fi ojú, ara àti aṣọ hàn, ó sì mú kí ọmọdé tí kò rí egúngún lójúde rí gbà pé ohun tí òun rí yẹn ni gbogbo rẹ̀.

Ààlà ìjọba tún dá kún un. Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà wà ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí ìjọba amúnisìn fi Ìgbómìnà yòókù sí abẹ́ Ìlọrin ní Ẹkùn Àríwá. Nígbà tí Ẹkùn Àríwá ṣí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tirẹ̀ ní Kàdúná ní 1962, ẹ̀yà kan tí ó ní egúngún kan náà àti ẹ̀ka èdè kan náà wá ní ilé iṣẹ́ méjì tí ń sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀, ọ̀kan ń fi èdè Yorùbá Ọ̀yọ́ ṣe é, èkejì ń fi Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe é. Kò sí èyí tí ó fi ohùn Ìgbómìnà ṣe pàtàkì iṣẹ́ rẹ̀. Ìbàá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń bójú tó gbogbo wọn, ó ṣeé ṣe kí Ẹlẹ́wẹ ti di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ láti ìgbà náà.

Ní ti orin rọ́ọ̀kì, ìyẹn orin ìgbàlódé tí gìtá oníná, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ àti ìlù òyìnbó jẹ́ òpó rẹ̀, Èkó ni ó fìdí kalẹ̀ sí. Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Nàìjíríà, òun àti Fẹlá sì gbé àwo kan jáde ní 1971. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Berkley Jones, Láolú Akins àti Mike Odùmósù dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's sì dá Ofege sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, àwọn ìbejì obìnrin, kọrin ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì lórí irú ìlù bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọdún 1970 fi ń parí. Lórí amóhùnmáwòrán Èkó, ètò Bar Beach Show tí Art Alade ń darí ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń rí irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀.

Irú ẹgbẹ́ báyìí kò hù ní Ìlá, kì í sì í ṣe nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò fẹ́ràn gìtá. Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ni. Gìtá oníná kò wúlò láìsí ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ẹ̀rọ agbóhùnsókè kò wúlò láìsí iná, gbogbo rẹ̀ sì wọ́n ju ohun tí ọ̀dọ́ olórin lè rà lọ. Ní Nàìjíríà nígbà náà, ẹni tí ó ni irinṣẹ́ ni ó ni ẹgbẹ́, ó lè jẹ́ onílé ọtí tàbí oníṣòwò tí kò mọ orin kọ rárá, àwọn olórin sì jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó lè lé lọ nígbàkigbà. Ọmọ Àyàn kò mọ irú ìṣòro yìí, ìlù baba rẹ̀ ń bẹ lára ògiri. Èyí ni ó fà á tí àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì fi tú láàárín ọdún díẹ̀, tí dùndún sì ń bá ìnáwó lọ ní gbogbo ìlú Ìgbómìnà.

Síbẹ̀, ibi tí rọ́ọ̀kì àti ìlù Ọ̀ṣun ti bára pàdé kò jìnnà sí Ìlá. Muraina Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí tí wọ́n bí ní 1940, wà nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀, ó sì di ayàwòrán láti inú ẹ̀kọ́ àwọn Beier ní Òṣogbo. Ó mọ dùndún àti bàtá débi pé ó kọ ìwé ẹ̀kọ́ lórí méjèèjì fún àwọn tí wọn kì í ṣe ọmọ Àyàn. Ẹgbẹ́ Embryo, tí Christian Burchard dá sílẹ̀ ní ìlú Munich ní Jámánì ní 1969, jẹ́ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí ó ń rìnrìn àjò kiri láti wá ohùn titun. Òun àti àwọn onílù Yorùbá tí Oyèlámì ṣáájú pàdé, àwo tí wọ́n jọ ṣe sì jáde ní 1985. Dùndún kò wá síbẹ̀ láti fi ṣe ìmúra bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Orúkọ ẹgbẹ́ onídùndún náà ni wọ́n fi pe àwo náà, ìlù wọn ni ilẹ̀ tí àwọn ará Jámánì dúró lé. Lójú àwo gígùn kan, tí ó lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ìyáàlù rí àyè sọ gbólóhùn rẹ̀ parí. Ohun tí ilé amóhùnmáwòrán Nàìjíríà kò lè fún onídùndún, ìyẹn àkókò, àwọn olórin rọ́ọ̀kì fún un. Láti ibí yìí ni a fi mọ̀ pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan gìtá kò dúró.

Àwọn kan wá ọ̀nà àárín. Túnjí Oyèlànà, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ eré Wọlé Ṣóyínká láti ìbẹ̀rẹ̀, kó ẹgbẹ́ Benders jọ, ó mú orin àlọ́ àti orin ìbílẹ̀, ó fi gìtá àti háíláìfù gbè é, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì tún mọ̀ ọ́n sí Sura nínú eré Sura the Tailor. Jímí Ṣólàńkẹ́, tí ó di olóògbé ní oṣù kejì 2024, fi àlọ́ àti orin ṣe ètò fún àwọn ọmọdé lórí amóhùnmáwòrán. Ọgbọ́n tí ó wà nínú iṣẹ́ Ṣólàńkẹ́ ni pé ó kó àwọn ọmọdé jọ sí iwájú kámẹ́rà, wọ́n sì ń gbe orin lójúkojú, bí wọ́n ti ń ṣe ní ìdí àlọ́ lálẹ́. Ó dá elégbè padà sí ibi tí kámẹ́rà ti lé e kúrò, ìdí nìyẹn tí ètò rẹ̀ kò fi gbẹ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni olórin tí ń jẹ́ Lágbájá ti gbé egúngún fúnra rẹ̀ padà sórí ìtàgé oníná. Ó fi aṣọ bo ojú, ó ń fọn sáàsófóònù, ó sì tò àwọn onígángan àti oníbàtá sí iwájú níbi tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń to gìtá sí. Ní 1997, ó ṣí ilé eré tirẹ̀, Motherlan', ní Ìkẹjà, níbi tí ó ti ń ṣeré lóru láìwo aago. Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí ó ṣe àti ohun tí egúngún Ìlá ń ṣe, nítorí pé ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kú ní Ìlá ń dúró fún ìdílé kan pàtó tí òǹwòran mọ̀, nígbà tí Lágbájá sọ pé òun dúró fún gbogbo ènìyàn tí kò lójú. Àmọ́ àwọn onílù rẹ̀ ń kì àwọn tí ó wà níbẹ̀ lórúkọ, owó sì ń jáde.

Fóònù alágbèéká ti yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lónìí, ọ̀dọ́ kan lè gba gbogbo ọdún egúngún Ìlá sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò sọ fún un pé àkókò ti tó, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ Ìlá tí ó wà ní London kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé ijó àti idán ni wọ́n sábà máa ń gbà, wọ́n ń fi ìjúbà sílẹ̀ nítorí pé kò dùn-ún wò, ohùn ìyáàlù sì máa ń rì sínú ariwo èrò débi pé ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù kò lè mọ ohun tí ó ń wí. Àwọn arúgbó onílù tí ó mọ oríkì ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà kò pọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú ọmọ wọn sì ti gba iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ó yẹ kí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Ìlá jọ gba odidi ọdún egúngún kan sílẹ̀, láti ìjúbà dé orin ìdágbére, pẹ̀lú gbohùngbohùn kan lọ́tọ̀ fún ìyáàlù, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìlù náà sílẹ̀ láti ẹnu àwọn tí ó lù ú, kí wọ́n sì fi pamọ́ láìgé ìṣẹ́jú kan kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní téèpù àtijọ́ ti eré Ògúnmọ́lá, Ládiípọ̀ tàbí Adéjọbí nínú àpótí ilé baba rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bà jẹ́ síbẹ̀. Kí ó gbé e fún àwọn tí ó lè sọ ọ́ di titun nígbà tí ohùn ṣì wà lórí rẹ̀.